Iṣu, Ìrẹsì àti Èémí: Oúnjẹ Nínú Ẹ̀kọ́ Tao àti Eré Ìjà Ilẹ̀ Ṣáínà

Láàrin àwọn ẹ̀kọ́ àtayébáyé tí ilẹ̀ Ṣáínà bí, kò sí èyí tó kó ọ̀rọ̀ ikùn àti ọ̀rọ̀ ìgbòkègbodò ara pọ̀ sójú kan tó ẹ̀kọ́ Tao. Tao ni orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fún ọ̀nà tí ayé ń tọ̀, ìyẹn ètò tí òjò fi ń rọ̀ lásìkò rẹ̀, tí omi fi ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, tí irúgbìn fi ń hù láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fà á jáde láti inú ilẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ pẹ́ láyé pẹ̀lú ìlera ní láti bá ètò yìí rìn dípò kó máa bá a jà. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Daodejing, èyí tí àwọn ará àtijọ́ sọ pé ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Laozi ló kọ ọ́, ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ó sì ti kìlọ̀ láti ìgbà náà pé bí adùn bá ti pọ̀ lápọ̀jù, ẹnu kì í mọ ìtọ́wò mọ́.

Inú ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ìjà tí wọ́n ń pè ní ìjà ti inú ti mú èdè wọn, ìyẹn àwọn ìjà tó ń fi èémí, ìdúró àti ìfọkànsí ṣiṣẹ́ kí ó tó kan agbára iṣan. Taijiquan, tí àwọn ará òkèèrè mọ̀ sí tai chi, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ń kọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ gbà pé agbára apá nìkan kò tó, pé ohun tó wọnú ikùn, ìgbà tó wọ̀ ọ́ àti bí ó ti pọ̀ tó jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà. Lóde òní, àwọn oníṣòwò ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọjà àṣírí, wọ́n ń ta ègbògi inú ìgò, wọ́n sì ń polówó ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n àwọn àgbà Ṣáínà. Bẹ́ẹ̀, ìtàn ẹ̀kọ́ náà gan-an, bí a bá tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibòmíràn ló já sí: ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbìyànjú láti má jẹun rárá, ó gba orí májèlé kọjá, ó sì wá fìdí kalẹ̀ nídìí ìkòkò àgbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a mọ ohun mẹ́ta tí àwọn ọmọlẹ́yìn Tao kà sí ìṣúra inú ara. Èkíní ni jing, agbára tí a bí mọ́ ènìyàn, tí wọ́n gbà pé inú kíndìnrín ló fi ṣe ibùgbé, tí ó sì jẹ́ pé ńṣe là ń ṣọ́ ọ ná nítorí pé ó ṣòro láti rí òmíràn fi dípò. Èkejì ni qi, èémí tí ń ru ara sókè, tí ń mú ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ń mú ara gbóná. Inú afẹ́fẹ́ àti inú oúnjẹ ni ènìyàn ti ń rí i lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ni shen, ìmọ́lẹ̀ ọkàn tó máa ń hàn lójú ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó bá jẹun bó ti yẹ, tó mí bó ti yẹ, tó sì sùn bó ti yẹ, qi rẹ̀ yóò tó o ná, kò ní fọwọ́ kan jing tó jẹ́ ohun ìpamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ebi ṣe eré ìjà líle, ohun ìpamọ́ yẹn ló ń jẹ. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò rí jing tàbí qi lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí òǹkàwé mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí èdè àpèjúwe. Síbẹ̀, ohun tí èdè náà ń tọ́ka sí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rí eléré ìdárayá tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó iṣẹ́ rẹ̀ rí: iṣan rẹ̀ a joro, oorun rẹ̀ a dàrú, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jinná.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ tó so oúnjẹ mọ́ ìdárayá nínú ẹ̀kọ́ yìí jáde láti inú ilẹ̀ ní Mawangdui, lẹ́bàá ìlú Changsha ní ìpínlẹ̀ Hunan, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ibojì mẹ́ta tó jẹ́ ti ìdílé ìjòyè kan láàrin 1972 sí 1974. Nínú ibojì kẹta, tí wọ́n dí pa ní ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n bá aṣọ ṣẹ́dà kan tí wọ́n ya ènìyàn 44 sí, tọkùnrin tobìnrin, tí oníkálukú wọn ń na apá, ń tẹ ẹ̀yìn, tàbí ń fara wé ẹyẹ àti ẹranko. Orí aṣọ kan náà ni wọ́n kọ ìlànà kan sí nípa bí ènìyàn ṣe lè fi ọkà sílẹ̀ kí ó máa jẹ èémí, ìyẹn ni pé kí ó máa fi mímí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ rọ́pò oúnjẹ, kí iye ìgbà tí yóò sì mí wà ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi òtítọ́ pamọ́, nítorí ó sọ pé orí ẹni tó bá dáwọ́ lé e lè wúwo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́, ó sì kọ́ ọ ní irú èémí tí yóò mí láti borí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́ kò nílò olùkọ́ kankan láti mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú ibojì kìíní yẹ fún àkíyèsí bákan náà. Ìyálé ìjòyè náà ni wọ́n sin síbẹ̀, ara rẹ̀ kò sì jẹrà rárá, débi pé àwọn oníṣègùn lè là á wò lẹ́yìn ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ bí ẹni pé kò tíì pẹ́ tó kú. Wọ́n rí i pé òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti dí, òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀, hóró èso bàrà tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì wà nínú ikùn àti ìfun rẹ̀, èyí tó fi hàn pé kò pẹ́ tó jẹ èso náà tí ikú fi mú un lọ. Abọ́ oúnjẹ àti àkọsílẹ̀ oúnjẹ kún inú ibojì rẹ̀. Nínú ìdílé kan ṣoṣo, ìwé tó ń kọ́ni láti má jẹun àti ara tí oúnjẹ olówó ti ṣe lọ́ṣẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó sì ṣeé gbà gbọ́ pé àsè àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà náà ni ìlànà ààwẹ̀ náà ń dá lóhùn.

Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ọkà, ìyẹn ìrẹsì, jéró, àlìkámà àti irú wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísanra nìkan. Àwọn ìwé Tao kọ́ni pé ẹ̀dá mẹ́ta kan ń gbé inú ara ènìyàn, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ikùn, pé ọkà ni oúnjẹ wọn, àti pé ní ọgọ́ta ọjọ́ ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ń gòkè lọ ròyìn ẹ̀ṣẹ̀ onílé wọn lọ́run kí a lè gé ọjọ́ ayé rẹ̀ kúrú. Ẹni tó bá fi ebi lé wọn jáde ni yóò pẹ́ láyé. Dípò ọkà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa jẹ oje àti ewé igi páìnì, yànmọ̀tí, èso jujube àti gbòǹgbò inú igbó, àwọn ohun tó bá ẹni tó ti sá lọ sórí òkè mu, níbi tí kò sí oko, tí agbowó-orí ọba kò sì lè dé. Ge Hong, ọ̀mọ̀wé Tao tó gbé ayé láti 283 sí 343, ròyìn àwọn tó fi ọkà sílẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n òun kan náà ló sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀ pé owó oúnjẹ nìkan ni ìwà bẹ́ẹ̀ ń dín kù, kò lè dá fún ènìyàn ní ẹ̀mí gígùn. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí pé ẹnu ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí àìkú ju ohun gbogbo lọ ló ti jáde.

Ìfẹ́ ẹ̀mí àìkú yẹn ló bí àṣìṣe tó burú jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Ge Hong àti àwọn bíi tirẹ̀ gbà pé ohun tí kì í jẹrà ló lè mú kí ara má jẹrà, wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í se àgúnmu láti inú cinnabar, òkúta pupa tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òjé àti ásẹ́níìkì. Ní ìgbà ìran ọba Tang, àwọn ọba fúnra wọn ni oníbàárà. Muzong kú ní 824, Wuzong kú ní 846, Xuanzong sì kú ní 859, àwọn onítàn sì so ikú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ àgúnmu àìkú tí wọ́n ń lò. Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàrin ohun tó ṣe àwọn ọba wọ̀nyí àti ohun tó ń ṣe ọ̀dọ́ òde òní tó ń gbé ìyẹ̀fun tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mì nítorí kí iṣan rẹ̀ lè tètè yọ; àwọn méjèèjì ló fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé ibi tí oúnjẹ àti àkókò nìkan lè gbé ara dé.

Ní ìgbà Tang kan náà, oníṣègùn kan tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Tao tọrùn-tọrùn gba ọ̀nà mìíràn, òun sì ni ẹni tí ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe eré ìjà fetí sí jù lọ. Sun Simiao ni orúkọ rẹ̀; ó kú ní 682, àwọn ará Ṣáínà sì wá sọ ọ́ di Ọba Oògùn, tí ojúbọ rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Nínú ìwé ìṣègùn ńlá rẹ̀, tó parí ní nǹkan bí ọdún 652, ó ya odidi apá kan sọ́tọ̀ fún fífi oúnjẹ wo àrùn, ó sì là á kalẹ̀ pé kí oníṣègùn kọ́kọ́ mọ orísun àrùn, kí ó fi oúnjẹ tọ́jú rẹ̀, kí ó má sì fọwọ́ kan oògùn àfi bí oúnjẹ bá kùnà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn tó ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, ó fi ewéko inú òkun àti ẹran kékeré tí a ń yọ láti ọ̀fun àgùntàn àti àgbọ̀nrín tọ́jú wọn, ohun tó sì lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kọjá kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ̀ pé àìtó áyódíìnì ló ń fa irú gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé áyódíìnì pọ̀ nínú àwọn nǹkan tó lò wọ̀nyẹn.

Ìlànà tó fi lélẹ̀ fún ìgbé ayé ojoojúmọ́ rọrùn débi pé ènìyàn lè fojú di í. Ó ní kí ènìyàn jẹun kí ebi tó pa á kọjá àlà, kí ó sì dáwọ́ dúró kí ó tó yó àyójù. Kí ó máa jẹ díẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan dípò kí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sẹ́ẹ̀kan. Kí ó má jẹun kún ikùn ní alẹ́. Kí ó má dùbúlẹ̀ ní kété tó bá jẹun tán. Bí ó bá ti jẹun tán, kí ó fi omi yọ ẹnu kí eyín rẹ̀ má bàa bàjẹ́, kí ó rìn kiri díẹ̀, kí ó sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa ikùn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó fi kún un pé ó dára kí ara máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀ nígbà gbogbo ṣùgbọ́n kí ó má ṣe é débi tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àwọn olùkọ́ taijiquan ṣì ń tẹ̀ mọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ létí, pé kí ó fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ sínú ara kó tó kúrò lórí pápá. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ pé kí ènìyàn yó dé ìdá méje tàbí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ pé kí ó lo agbára dé ìwọ̀n kan náà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀rọ̀ àgúnmu àìkú ti tẹ́ lójú àwọn àgbà inú ẹ̀kọ́ náà. Ní 1219, Genghis Khan, ọba àwọn ará Mòǹgólíà, ránṣẹ́ pe Qiu Chuji, olórí nínú ẹgbẹ́ Tao tí wọ́n ń pè ní Quanzhen. Bàbá náà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbéra láti Shandong ní 1220, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó sì bá ọba pàdé ní 1222 lórí àwọn òkè tó wà ní ilẹ̀ Afghanistan òde òní. Ìbéèrè tí ọba bi í ni pé oògùn àìkú wo ló mú wá. Ó dáhùn pé ọ̀nà láti tọ́jú ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kú kò sí. Ọkùnrin tó dá irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ lóhùn báyìí fi orí ara rẹ̀ wewu, àmọ́ ọba yìn ín fún òtítọ́ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọba já bọ́ lórí ẹṣin níbi tó ti ń dọdẹ, Qiu Chuji tún gbà á nímọ̀ràn pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò gba irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nínú àwọn ilé ìsìn Quanzhen, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń gbé ibẹ̀ kì í jẹ ẹran, wọn kì í mu ọtí, wọ́n sì ń yẹra fún àlùbọ́sà, aáyù àti àwọn ewé tó bá wọn tan, nítorí wọ́n gbà pé títa wọn ń ru ara sókè, kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá jókòó láti ṣàṣàrò. Ẹ̀ka ńlá kejì nínú ẹ̀kọ́ Tao, Zhengyi, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn àlùfáà tirẹ̀ ń gbé láàrin ìlú, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n sì ń jẹ ẹran láwọn ọjọ́ tí a kò bá kà á léèwọ̀. Ẹni tó bá wá ń sọ pé ẹ̀kọ́ Tao fi dandan lé e pé kí gbogbo ènìyàn pa ẹran tì kò sọ òtítọ́ délẹ̀.

Lára ohun tó ń darí oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ka méjèèjì ni ẹ̀kọ́ ìtọ́wò márùn-ún, tó wà nínú Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ìwé náà so kíkan mọ́ ẹ̀dọ̀, ó so kíkorò mọ́ ọkàn, ó so dídùn mọ́ ẹ̀yà tó ń lọ oúnjẹ, ó so títa mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì so oníyọ̀ mọ́ kíndìnrín, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé èyíkéyìí tó bá pọ̀jù nínú wọn yóò pa ẹ̀yà mìíràn lára. Yàtọ̀ sí ìtọ́wò, wọ́n ka oúnjẹ kan sí olóoru, wọ́n sì ka òmíràn sí olótùútù, kì í ṣe nítorí bó ṣe gbóná nínú ìkòkò, bí kò ṣe nítorí ohun tó ń ṣe nínú ara: olóoru ni atalẹ̀ àti ẹran àgùntàn, olótùútù ni akàn àti bàrà olómi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi atalẹ̀ jẹ akàn, tí ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fi pọ̀ nígbà òtútù, tí omi ẹ̀wà kékeré aláwọ̀ ewé sì fi ń jáde nígbà ooru. Ìwádìí òde òní kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìtọ́wò kan ní ẹ̀yà ara kan tó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ìtọ́wò márààrún sínú abọ́ rẹ̀ kò ní lè máa jẹ irú oúnjẹ kan ṣoṣo, èyí sì ni àǹfààní ibẹ̀. Ní ti iyọ̀, ọ̀rọ̀ kò fì síbì kan: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ omi sóyà tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se oúnjẹ kún fún iyọ̀ púpọ̀.

Bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ eré ìjà gan-an, òkè Wudang ní ìpínlẹ̀ Hubei ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ, níbi tí ọba Yongle ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé ìsìn Tao ńláńlá ní 1412, tí àjọ UNESCO sì ti kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 1994. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Zhang Sanfeng, ẹni àràmàǹdà kan tó gbé orí òkè náà, ló dá ìjà ti inú sílẹ̀ lẹ́yìn tó wo ìjà ẹyẹ àti ejò. Àwọn onítàn kò gba èyí, torí pé àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ so orúkọ rẹ̀ mọ́ irú ìjà yìí kò tíì sí títí di 1669, lórí ibojì ẹlòmíràn. Ibi tí ẹ̀rí tó dájú wà ni abúlé Chen, ní àgbègbè Wen ní ìpínlẹ̀ Henan, níbi tí Chen Wangting, jagunjagun kan ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ti kó ìmọ̀ ìjà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdárayá olóèémí tó wà nínú ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Tao, tó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Ìrandíran wọn ń ro oko lọ́sàn-án, wọ́n sì ń kọ́ ìjà nígbà tí iṣẹ́ oko bá dilẹ̀.

Àgbègbè Wen kan náà yìí, tó gbé taijiquan fún ayé, gbajúmọ̀ jákèjádò ilẹ̀ Ṣáínà nítorí iṣu. Iṣu ni, kì í ṣe ohun tó jọ iṣu. Ìdílé irúgbìn kan náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea, tí iṣu funfun àti ewùrà ilẹ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ni òun náà ti wá, àyàfi pé tiwọn tín-ín-rín, ó gùn, ó sì máa ń wọlẹ̀ gbọọrọ gan-an. Èyí tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú wọn kò nípọn ju ọ̀pá lọ, ó wúwo, ó le, awọ rẹ̀ ní àbàwọ́n pupa bí irin tó dípẹtà, ẹran inú rẹ̀ funfun, bí a bá sì sè é, ó máa ń ṣe yẹ̀tùyẹ̀tù lẹ́nu. Inú ilẹ̀ ẹlẹ́tù tí odò ńlá ti gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí nígbà ìrúwé, wọ́n sì ń wà á nígbà tí òtútù bá ti pa ewé rẹ̀. Ẹni tó ń wà á ní láti gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀gbẹ́ poro, kí ó máa fi ọwọ́ yọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti ṣẹ́, èyí tó bá sì ṣẹ́ kì í pa owó gidi. Ilẹ̀ tó bá ti gbé iṣu yìí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn yóò fi dá a sí kí wọ́n tó tún gbìn ín síbẹ̀. Bí ewùrà kan ṣe máa ń yún ọwọ́ ẹni tó ń bó o nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà ń ṣe.

Àwọn oníṣègùn Ṣáínà kà á sí dídùn, wọ́n ní kò gbóná, kò tutù, wọ́n sì sọ pé ó ń ṣe ikùn, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín lóore lẹ́ẹ̀kan náà. Zhang Zhongjing, oníṣègùn ńlá ìgbà ìran ọba Han, ti fi í sínú àgbo rẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó dín díẹ̀. Nínú ilé àgbẹ̀, wọn kì í gún un. Wọ́n ń fi ooru omi sè é taawọ-taawọ, tàbí kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú ìrẹsì tàbí jéró tí wọ́n fi omi púpọ̀ sè títí ó fi di ẹ̀kọ mímu, pẹ̀lú èso jujube pupa mélòó kan. Oúnjẹ àárọ̀ nìyẹn fún aláìsàn, fún arúgbó àti fún ọmọ tó ń kọ́ ìjà. Ó gbóná, ó rọ̀, kò wúwo nínú, ó sì ń tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún ara láìjẹ́ kí ikùn ṣe wàhálà. Ọmọ Yorùbá tó ń wá oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀ fún eré ìjà yóò rí i pé ohun tí àwọn baba ìjà náà ń jẹ wà nínú abà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni àwọn olùkọ́ ìjà tún máa ń tẹnu mọ́. Hua Tuo, oníṣègùn tó kú ní nǹkan bí ọdún 208, tó kó ìdárayá tó ń fara wé ẹranko márùn-ún jọ, kọ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ Wu Pu pé ìgbòkègbodò ara ló ń jẹ́ kí agbára inú ọkà dà nínú, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn láìdúró. Ìtàn sọ pé Wu Pu lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí ojú àti eyín rẹ̀ sì ṣì dára. Àmọ́ ìgbòkègbodò tí ó ń sọ kì í ṣe èyí tí a ń ṣe nígbà tí ikùn kún. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ máa ń lọ sí ikùn àti ìfun láti ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá wá dìde láti ta ẹsẹ̀ àti ìkúùkù, iṣan náà yóò máa bèèrè fún ẹ̀jẹ̀ kan náà, èébì tàbí inú rírun ni yóò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ní kí ó tó nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kékeré, kí ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oúnjẹ ńlá, kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìdárayá náà, wọn a ní kí ó jẹ́ kí èémí rẹ̀ balẹ̀ kí ó tó jókòó ti oúnjẹ. Omi tútù ni wọ́n kórìíra jù, tíì gbígbóná ni wọ́n ń fún ọmọ ẹ̀kọ́. Lórí èyí, ó dára kí a sọ òótọ́: omi tútù kì í pa ẹni tí ara rẹ̀ le lára, nínú ooru gbígbóná ó tilẹ̀ lè ran eléré lọ́wọ́, ohun tó léwu ni kí ó má mu omi rárá.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ òde òní ti fi ìṣirò kún ohun tí àwọn àgbà fi ojú inú mọ̀. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ àwọn eléré ìdárayá dábàá pé kí ẹni tó ń ṣe ìdárayá líle máa jẹ èròjà amúaradàgbà láti gíráàmù 1.2 sí 2.0 lójúmọ́ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, èyí tó túmọ̀ sí gíráàmù 84 sí 140 fún ẹni tó wọn kílógíráàmù 70. Iṣu àti ìrẹsì nìkan kò lè gbé e débẹ̀. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í jẹ ẹran ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé ẹ̀wà ló ń dí àyè ẹran, pàápàá tofu, tí ìtàn wọn gbé oríyìn rẹ̀ fún Liu An, ọmọ ọba tó kú ní 122 ṣáájú ìbí Jésù, tó sì jẹ́ alágbàtọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Tao, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onítàn òde òní ń ṣiyèméjì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò yàtọ̀ sí wàrà sóyà tí àwọn obìnrin ń dín tà lọ́jà ilẹ̀ Yorùbá: wọn a rẹ sóyà, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a se omi rẹ̀, wọn a fi ohun tó ń mú un dì sí i, wọn a sì fún omi rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá jẹ ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà rárá ní láti wá fítámínì B12 láti ibòmíràn, nítorí pé ewéko kì í fún ara ní èyí tó tó. Àìtó rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan-ìmọ̀lára jẹ́ láìtètè hàn.

Ààwẹ̀ ọkà tí wọ́n kọ sórí ṣẹ́dà Mawangdui ti tún jí padà, wọ́n ń pè é ní bigu, wọ́n sì ń fi owó gọbọi kọ́ ọ ní àwọn ibùdó ìsinmi kan. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì ń lo oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò láìbá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé tó ṣì ń dàgbà àti ẹni tí ìjẹun ti di àìsàn sí lára rí kò sí lára àwọn tí ó tọ́ fún. Ní ti ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìjà nírọ̀lẹ́, ìwọ̀nba iṣu sísè pẹ̀lú ẹ̀wà ní ọ̀sán, omi díẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dé pápá, àti lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú wàrà sóyà tàbí ẹja, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò jinná kọjá ààlà, yóò tó o ṣe é, bí ó bá tètè jẹ ẹ́ kí alẹ́ tó lẹ́, tí ó sì rìn díẹ̀ kí ó tó lọ sùn.